Àgbáyun Tó Ń Gbé Pálọ̀ Wa

Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa ní Òkè-Àgbò ló máa ń bi mí pé kí ni ike ọ̀dà ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àgbáyun ló wà nínú ẹ̀. Bùrọ̀dá mi kan tiẹ̀ ní kí n gbé e jù síta: "Ta ló ń gbin igi sínú ilé?"

Ẹ̀yìnkùlé Màmá àgbà ni àgbáyun tí gbogbo wa mọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Tá a bá lọ kí wọn, a ó já èso pupa kékeré yẹn, a ó fi ahọ́n yí i lẹ́nu títí, lẹ́yìn náà a ó mu ọsàn wẹ́wẹ́, yóò sì dùn bí oyin. Màmá ní àwọn fi ń mu ògì kíkan nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, torí owó ṣúgà ò sí. Nígbà tí mo wà ní JSS3, ẹbí ta ilẹ̀ náà, ẹni tó rà á sì gé igi. Màmá ò sọ̀rọ̀ rárá. Wọn ò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Èso mẹ́fà ni mo rí ṣà nílẹ̀.

Kóró àgbáyun kì í pẹ́ kú; tó bá ti gbẹ, ó parí nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbìn wọ́n. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá wa, ewúrẹ́ lánlọ́ọ̀dù ò sì mọ àgbáyun yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́, ìyẹn ló ṣe ń gbénú ilé. Méjì péré ló hù.

Èmi ni mo pa ọ̀kan. Mo rí i tí màámi ń da eérú sídìí ẹ̀fọ́, ni mo bá da tèmi náà. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, mo sì sọ pé ọyẹ́ ni. Ìgbà tí mo bu iyẹ̀pẹ̀ náà lọ bá tíṣà Kẹ́mísírì wa, tí wọ́n fi omi pò ó, litmus pupa di búlúù. Ilẹ̀ tó ní ásíìdì ni àgbáyun fẹ́, eérú sì ń pa ásíìdì. Mo pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, mo wá ilẹ̀ dúdú abẹ́ ewé jíjẹrà, omi òjò nìkan ni mo sì ń bù sí i. Mo gbé e síbi fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọlé.

Tíṣà tún sọ fún mi pé àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń gbìn ín sínú ike nínú ilé, torí òtútù yóò pa á níta. Miraculin lorúkọ ohun tó ń mú ẹnu dùn nínú ẹ̀. Àwọn ń gbé e wọlé bí ọmọ tuntun, àwa ń gé e.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, kò tíì ga tó rúlà mi. Ó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Màmá ń pè: "Ṣé ó ti so?"

"Rárá, Mà. Ó yọ ewé méjì."

Lọ́dún tó ń bọ̀ ni màá ṣe WAEC, mi ò sì mọ ibi tí màá gbà lọ lẹ́yìn ẹ̀. Àbúrò mi ti fẹ́ràn àtimáa bu omi sí i, àmọ́ ó ń bù ú jù. Mo pariwo mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó yá, mo pè é padà, mo fi hàn án bí yóò ṣe máa ti ìka bọ ilẹ̀ kó tó bu omi.