Ipá, Ọgbọ́n Ara àti Ọwọ́ Ẹnìkejì

Ìjíròrò yìí dá lórí tai chi, ọ̀nà ìjà àti ìdárayá tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, ó sì wáyé ní Èjìgbò, ní agbègbè Òṣòdì òun Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láàárín ẹ̀gbọ́n kan tí kò fi àdúgbò náà sílẹ̀ rí àti àbúrò rẹ̀ tó gbé ní ẹkùn Henan kó tó padà wálé. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni ìtumọ̀ agbára mẹ́jọ tí àwọn olùkọ́ tai chi máa ń dárúkọ, àti ìdí tí a kò fi lè mọ̀ wọ́n délẹ̀ láìsí ẹnìkejì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí nínú fídíò ni àwọn arúgbó tí wọ́n ń rọra na ọwọ́, tí wọ́n sì ń rọra gbé ẹsẹ̀ nínú ọgbà, báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ ìjà? Bí èèyàn bá sì dárúkọ agbára mẹ́jọ ní Èjìgbò níbí, oògùn tàbí ẹ̀mí ni ọkàn àwọn tó ń gbọ́ yóò lọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Abúlé Chenjiagou, ní Henan, ni àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń tọ́ka sí, níbi tí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Chen Wangting ti ṣètò ọ̀nà ìjà náà ní ọ̀rúndún 17; ìdílé Chen pa á mọ́ láàárín ara wọn títí Yang Luchan, ẹni tí wọ́n bí ní 1799, fi kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, tó sì gbé e lọ sí Beijing. Àwọn kan ń sọ pé àwòrò kan tó ń jẹ́ Zhang Sanfeng ló dá a sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Èyí tí ẹ ń rí nínú fídíò sábà máa ń jẹ́ oríṣi onígbèésẹ̀ 24 tí ìjọba Ṣáínà gé kúrú ní 1956 kí ará ìlú lè rí i kọ́, ìdá kan péré ló sì jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ náà, nítorí ẹni tó ń dá a ṣe kò tíì ní ẹni tí yóò fi hàn án bóyá ó ṣe é tọ́ tàbí kò ṣe é tọ́.

Ní ti agbára mẹ́jọ, jin ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ẹ̀mí. Agbára tí ẹ̀kọ́ ti tún ṣe ni, ó sì yàtọ̀ sí li, ìyẹn ipá lásán tó ń ti inú iṣan wá. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ nípa qi, tí wọ́n gbà pé ó ń rìn káàkiri inú ara pẹ̀lú èémí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ìyẹn gbọ́ ṣì lè kọ́ jin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìku ẹyọ kan, nítorí ọ̀nà tí ipá ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde ni wọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn yé mi díẹ̀. Dárúkọ wọn, kí o sì sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

ÀBÚRÒ: Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀. Peng ni ìgbéró tó kún inú ara láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọmọ ìka, tí ara fi ń dà bí bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn kún dáadáa: kì í bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í tẹ̀ wọnú, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni ìtẹ̀ náà ń dá padà. Bí peng kò bá sí, méje yòókù di asán. Lu ni kí a gba ipá ẹnìkejì láìkọ̀ ọ́, kí a sì darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kó lè máa lọ síbi tí kò ti ní rí ẹnikẹ́ni bá. Ji ni kí a fi ọwọ́ kan ti ìkejì lẹ́yìn, kí agbára méjèèjì lè jáde lójú kan ṣoṣo. An sì ni kí a tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí a tó tì síwájú, kí gìgísẹ̀ ẹnìkejì lè kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀. Mẹ́rin tó kù ni cai, tí í ṣe fífa ọwọ́ ẹnìkejì wálẹ̀ lójijì. Lie, tó ń yí apá kan ara rẹ̀ síwájú nígbà tí apá kejì ń lọ sẹ́yìn. Zhou, tí a ń fi ìgúnpá ṣe. Àti kao, tí a ń fi èjìká ṣe nígbà tí a bá ti súnmọ́ra kọjá ibi tí ọwọ́ ti lè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí gídígbò o. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà tí èèyàn bá dé Ṣáínà kó tó mọ̀ pé ẹni tó bá fi ipá pàdé ipá níbi ìjàkadì, tó sì jẹ́ pé ipá tiẹ̀ ló kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kanlẹ̀. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki àwọn ará Ọ̀fà, kì í sì í ṣe torí pé wọ́n sanra ju àwọn ìlú yòókù lọ. Ẹni tó mọ gídígbò jà máa ń jẹ́ kí alátakò fi gbogbo ara rọ́ wá, lẹ́yìn náà ni yóò yẹ ìbàdí, tí yóò sì fi ìrọ́wá yẹn gan-an dá a. Kí ni lu tí o ń wí yìí bí kì í bá ṣe èyí?

ÀBÚRÒ: Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n, kò sì sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀yìn tó kanlẹ̀ ló ń parí gídígbò, ọ̀dọ́ tí eegun rẹ̀ ṣì le ló sì sábà máa ń jà á. Ṣùgbọ́n tai chi ní ìdánrawò kan tí wọ́n ń pè ní tuishou, níbi tí ẹni méjì ti ń fi ọwọ́ kan ọwọ́, tí wọ́n ń tì, tí wọ́n ń gbà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní láti ṣubú. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ọwọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ síwájú sẹ́yìn, débi pé ẹni àádọ́rin ọdún àti ọmọ ogún ọdún lè jọ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, kí ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ ọ̀tún yín kan tèmi, kí ẹ wá máa tì í síhà àyà mi.

Ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń bọ̀ ni ìwúwo ara àbúrò ń padà sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí rẹ̀ rọra yí sí ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì kò sì fi ara wọn sílẹ̀, títí ìtì náà fi gba ẹ̀gbẹ́ èjìká kọjá, tí gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n sì gbéra nílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ mi kò rí ohun tó lè tì mọ́. Kí ló dé tí kò ṣeé mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀?

ÀBÚRÒ: Nítorí pé èjìká yín le ni. Ting ni wọ́n ń pe òye tí awọ ara ń fi mọ ibi tí ẹnìkejì fẹ́ lọ kó tó lọ, iṣan tó le kì í sì í gbọ́ nǹkan kan. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù: ding, kí a máa fi ipá ko ipá lójú, àti diu, kí ẹ̀rù bani kí a já ọwọ́ gbà, tí a kò fi ní mọ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe mọ́. Ẹni tó yẹra fún méjèèjì, tí àárín ara rẹ̀ kò sì yẹ̀, ti wọ inú ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí yóò béèrè bóyá ìbọ wà nínú rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Inú èrò àwọn ará Ṣáínà nípa yin àti yang ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìyẹn ìhà méjì tí ohun gbogbo ní, ṣùgbọ́n ohun tí èyí ń kọ́ ara ni pé kí ẹsẹ̀ kan ru ìwúwo kí ìkejì tó gbéra. Àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó tí kò tíì dúró tán lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún, tàbí tó ń fo gọ́tà ní Òkè-Àfà, nílò ìmọ̀ yẹn lójoojúmọ́, kò sì gba àdúrà tàbí ètùtù kankan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń dènà ìṣubú, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á lásán ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rí wà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Oregon ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2012, lo àwọn 195 tó ní àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú ara gbọ̀n tó sì máa ń ba ìdúró jẹ́. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n ń ṣe ìdárayá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìdúró àwọn tó ṣe tai chi sì dára ju ti àwọn tó gbé ìwúwo àti ti àwọn tó kàn ń na ara lọ. Iye ìṣubú wọn kéré sí ti àwọn tó ń na ara, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn tó gbé ìwúwo kò tó ohun tí a lè fi dájọ́. Ìgbésẹ̀ àdáṣe mẹ́fà ni wọ́n sì kọ́ wọn, kì í ṣe tuishou, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí yẹn polówó ìdánrawò ẹni méjì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìdáhùn tó ṣeé gbà nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn ará Ṣáínà kọ tiwọn sílẹ̀, wọ́n fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, àjọ UNESCO sì fi tai chi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ọmọnìyàn ní 2020, nígbà tí gídígbò wà lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÀBÚRÒ: Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà kò jẹ́ kí tiwọn kú, ẹ̀gbọ́n. Ìjàkadì wọn, laamb, ní pápá ìṣeré ńlá ní Pikine, lẹ́bàá Dakar, tó lè gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn, owó Ṣáínà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 2018. Dakar yìí kan náà ni wọ́n yàn fún Ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn Ọ̀dọ́ ti 2026, tí taijiquan, ìyẹn tai chi, sì wà lára ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀.

Ibi tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí nìyí: kí àwọn àgbà tó fẹ́ kọ́ tai chi ní Èjìgbò rí i pé olùkọ́ wọn lè gbé ọwọ́ lé ọwọ́ wọn, kí wọ́n má fi mọ sórí fídíò, kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ gbogbo sì wá àwọn tó ti ja gídígbò rí kàn, kí wọ́n béèrè orúkọ ìdìmú kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe ń já a, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì lè dìde dúró láti fi hàn.