Àmì-Ẹ̀yẹ Kan Náà Láyà Ọkùnrin Méjì

Ní Magboro wa níbí, kò sí ọmọkùnrin kan nínú ilé-kéwú wa tí kò mọ Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n léèrè adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ gba ìgbànú ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, ńṣe ni gbogbo wọn dákẹ́.

Louis Mbarick Fall ni orúkọ rẹ̀. Battling Siki ni aráyé fi mọ̀ ọ́n. Ìlú Saint-Louis ní Senegal ni wọ́n ti bí i ní 1897. (Létí àwa tí a ń kọ́ni ní Lárúbáwá, Mubarak ni Mbarick yẹn.) Kí ogun 1914 tó dé ni ó ti ń ja ẹ̀ṣẹ́ gbowó nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìbọn fún Faransé. Akin ni lójú ogun, wọ́n sì fi Croix de Guerre àti Médaille Militaire dá a lọ́lá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí orúkọ àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì yìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù September 1922, Siki kojú Georges Carpentier ní pápá Buffalo lẹ́bàá Paris. Àmì méjèèjì yìí gan-an ni òyìnbó náà ti gbà, nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe nínú bàálù ogun. Ní abala kẹfà, Siki lù ú bolẹ̀. Ni rẹfirí bá ní Siki fi ẹsẹ̀ gbé e ṣubú, pé Carpentier ló borí! Àwọn èrò ìwòran fariga, títí àwọn adájọ́ fi yí ìdájọ́ náà padà.

Carpentier tí wọ́n nà ṣì ń jẹ́ akọni ogun. Siki ńkọ́? Ọmọ inú igbó, ọ̀bọ, ni ìwé ìròyìn ń pè é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ó bá Joe Beckett jà ní London. Àjọ ẹ̀ṣẹ́ Faransé fòfin dè é, Blaise Diagne, ọmọ Senegal tí ó wà nílé aṣòfin Faransé, ló dìde gbèjà rẹ̀.

A kò ní bò ó: Siki ń mutí, ó sì ń náwó ní ìnákúnàá. Ìyẹn kò dára. Ṣùgbọ́n ọtí kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ pè é ní ọ̀bọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù March 1923, ó pàdánù ìgbànú náà fún Mike McTigue ní Dublin. Ọmọ Ireland, nílẹ̀ Ireland, lọ́jọ́ ọdún àwọn ará Ireland! Ta ló gbà á nímọ̀ràn? Ní December 1925, wọ́n yìnbọn pa á ní ìgboro New York. Ẹni ọdún 28 ni. Ó di 1993 kí wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sí Senegal.