Fíìmù Kan ní Òru Barking

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn wa. Akáùǹtáǹtì tó kàwé gboyè ní Leicester, tó ti lé ní ogójì ọdún, ni mo ṣe ń gbé kámẹ́rà àtijọ́ kọ́rùn kiri ìgboro Barking lóru. Ìyàwó mi ní ẹni tó ń ṣírò owó fún olówó ló yẹ kó mọ ìnáwó tí kò lérè. Àwòrán 36 péré ni fíìmù kan ń gbà. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ nìyẹn.

Fíìmù dúdú-òun-funfun tí wọ́n ń pè ní Ilford HP5 ni mo ń lò. Orúkọ yẹn kò jìnnà sí wa o. Ní 1879 ni Alfred Harman bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gíláàsì ìyàwòrán ní Ilford, tó bá Barking pààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mobberley ní Cheshire ni wọ́n ti ń ṣe fíìmù náà báyìí. 400 ni agbára rẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀, òru kò sì gba 400. N óò ṣètò kámẹ́rà sí 1600, n óò wá jẹ́ kí fíìmù pẹ́ sí i nínú oògùn nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́ ní balùwẹ̀. Àwòrán á rí bí ẹni wọ́n iyanrìn sí i, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn á hàn.

Ní òru ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti ya 27. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, tòun ti agbádá, níwájú Curfew Tower, ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tí Ọba Henry Kẹjọ tú ká ní 1539. Ibẹ̀ ni aago ti máa ń dún láyé àtijọ́ pé kí ará ìlú lọ bo iná wọn, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Obìnrin kan jókòó ní ibùdókọ̀, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì N15, ó fọwọ́ lérán nínú aṣọ iṣẹ́. Mo yà á.

Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pariwo pé kí n pa á rẹ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé òfin ilẹ̀ yìí kò ní ká má ya fọ́tò ní títì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn mi ti tú mi fó.

“Bọ̀dá, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nílé nìyẹn? Ẹ ò kí mi, ẹ ò bi mí.”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Tíṣà ni mí nílé. Ohun tí àwọn ọmọ mi ṣì mọ̀ nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé ìdí arúgbó ni mò ń nù níbí.”

Mo ṣàlàyé pé fíìmù ni, kò ṣeé pa rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé n óò gé tiwọn kúrò bí mo bá fọ̀ ọ́ tán.

“Báwo ni n óò ṣe mọ̀?”

Mi ò rí èsì. Ìbéèrè tí èmi gan-an ń bi àwọn oníbàárà mi nìyẹn. Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà lábẹ́ iná, mo fa fíìmù náà jáde gbọọrọ. Gbogbo 28 ló bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ìyá náà wò ó bó ṣe ń fì lọ́wọ́ mi. “Ẹ ṣeun,” ni wọ́n wí. Bọ́ọ̀sì sì dé.

N kò ní purọ́, ó dùn mí títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà lọ́mọdé n'Ìbàdàn, ta ni wọ́n ya fọ́tò láìmúra? A ó wẹ̀, a ó kun àtíkè, onífọ́tò á tún kọ́là wa ṣe kó tó tẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí, mo ń kọ́kọ́ kí wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ̀. Fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà láti oṣù tó kọjá, 9 ni mo ṣì yà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ti bàbá onítakisí kan ní Ripple Road, tó ní kí n ní sùúrù ná kí òun dé fìlà.