Sítáǹdì Díríìlì Bàbá Àpòmù

Ènìyàn lè mọ iṣẹ́ délẹ̀délẹ̀ kí ó má sì rí i ṣe mọ́, bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Àpòmù. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, yẹtí àti bọ́tìnnì. Àwọn náà ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí kí n tó lọ dá dúró ní Ìkirè, tí kò jìnnà sí Àpòmù rárá. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n tún rìn, wọ́n tún sọ̀rọ̀, ojú wọn sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà bọ̀ sípò. Bí wọ́n bá gbé díríìlì, ọwọ́ náà a máa gbọ̀n bí ewé.

Díríìlì tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí ńlá tí wọ́n fi ń lu ògiri. Kò ju tọ́ọ̀ṣì lọ, ọwọ́ kan ni a sì fi ń dì í mú, bí ẹni di bírò mú. Ilé-iṣẹ́ tí Albert Dremel dá sílẹ̀ ní ìlú Racine, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1932, ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Lónìí, oríṣiríṣi rẹ̀ tó wá láti Ṣáínà ló wà lọ́jà. Ó lè yí tó ìgbà 30,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bíìtì tí a fi ń lu ìlẹ̀kẹ̀ kò sì nípọn ju mìlímítà kan lọ. Èèpo àgbọn le, ó tún rí roboto, nítorí náà bíìtì a kọ́kọ́ máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé tán tí ọwọ́ yẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kán nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bíìtì mẹ́fà ló kán mọ́ Bàbá lọ́wọ́ lórí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n pa iná díríìlì, wọ́n ní, “Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá.”

Àwọn ará ilé ní kí wọ́n sinmi. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, kò dùn létí Bàbá. Ọmọ wọn tó kéré jù ṣì wà níléèwé gíga, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó ń gbẹ́ èèpo àgbọn. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ju ti owó lọ ni bí wọ́n ṣe ń jókòó síwájú ilé láti àárọ̀ di alẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe sítáǹdì fún irú díríìlì yìí. Èyí tí mo rí ní Èkó wọ́n ju díríìlì fúnra rẹ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a sì fi ń fa irin rẹ̀ wálẹ̀. Mo pinnu láti ṣe tiwa. Kí n tó kan ìṣó kan, mo bi ara mi pé: kí ni ọwọ́ tó dúró ń ṣe gan-an? Iṣẹ́ kan péré ni. Ó ń jẹ́ kí díríìlì lọ sókè sódò láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Igi àti irin lè ṣe ìyẹn.

Ìlú Ìkirè ni mo ti ṣa gbogbo nǹkan jọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ẹni tó ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú di àjákù. Mo gba àjákù pákó apá ní ilé ìlagi, nítorí pé ó wúwo, kò ní máa fò lórí tábìlì. Mo ra irin méjì tí káfíńtà ń fi sí ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ kí ó lè wọlé jáde geere. Mo gbé wọn nàró sára pákó kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, mo sì de pákó kékeré mọ́ àárín wọn. Bí irin náà bá jẹ́ ẹyọ kan, yóò máa mì. Méjì tó jìnnà síra díẹ̀ kò ní mì.

Kílíìpù onírin méjì tí mẹkáníìkì fi ń di ọ́ọ̀sì rédíétọ̀ ni mo fi de díríìlì mọ́ pákó kékeré náà. Mo fi túùbù ọ̀kadà sáàárín kí kílíìpù má baà fọ́ ara rẹ̀, mo sì yẹra fún àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀. Túùbù kan náà ni mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ láti máa fa díríìlì padà sókè. Bóòtù kan ló ń dá a dúró kí ó má baà wọlẹ̀ jù.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni ọ̀nà tí a óò gbà fà á wálẹ̀. Mo rántí àwọn aránṣọ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì. Ẹsẹ̀ òsì Bàbá kò ní àléébù kankan. Mo so wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ mọ́ pákó tó gbé díríìlì, mo fà á gba inú ihò tí mo lu sára tábìlì, mo sì so ó mọ́ pẹ́dà pákó nísàlẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò kékeré sínú búlọ́ọ̀kù igi kan lábẹ́ bíìtì, kí ó máa di ìlẹ̀kẹ̀ mú. Báyìí, ọwọ́ òsì ni yóò gbé ìlẹ̀kẹ̀ sí i, yóò kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì tẹ pẹ́dà. Kò sí ìka kankan nítòsí bíìtì.

Mo fi sukúwíà káfíńtà wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Mo tún lu pákó tó nípọn, mo yí i padà láti wo ibi tí ihò yọ sí. Ó wọ̀ síbi kan, mo fi páálí tẹ́ abẹ́ irin kan títí ó fi tọ́. Mo dín eré díríìlì kù pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá sáré jù, èèpo àgbọn a máa jó.

Nígbà tí mo gbé e dé Àpòmù, Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, “Ṣé iṣẹ́ aránṣọ lo wá fi kọ́ mi ni?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò ná.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sókè, wọ́n fi ojú kan wo ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò rẹ̀. Wọn kò yìn mí. Wọ́n kàn ní kí n gbé òmíràn wá.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí lórí fóònù pé kòtò búlọ́ọ̀kù náà jìn jù, ó ń yọ ọwọ́ òsì lẹ́nu láti mú ìlẹ̀kẹ̀ jáde. Wọ́n ti ní kí ọmọ káfíńtà kan bá àwọn gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò. Láti ọjọ́ náà, “ẹ̀rọ mi” ni wọ́n ń pè é.

Sítáǹdì yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè fín ọnà sára yẹtí, nítorí pé ìyẹn ń fẹ́ ọwọ́ tó lè yà bó ṣe wù ú. Bàbá ń fi ọwọ́ òsì ya ọnà náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, èmi ń fín in ní Ìkirè, a sì ń pín owó rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń lù lóòjọ́ kò tó ìdajì ti àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wọn ti padà.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà láàárín wa tí a ti ní kí wọ́n lọ sinmi nítorí pé ẹ̀yà ara kan kọṣẹ́. Kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jókòó ti iṣẹ́ náà, kí a wo ibi tí ara kò ti gbé e mọ́ gan-an. Ó lè jẹ́ ibi kékeré kan, tí àjákù pákó àti wáyà bíréèkì tó láti dí i.