Ẹni tí ìbò kò mú: Níbo ni Básábà wọlẹ̀ sí?

Yàrá òkè náà kò rí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò ó. Lórí Òkè Síónì ní Jerúsálẹ́mù ló wà, àtẹ̀gùn lèèyàn yóò gùn débẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tán kò ní í bá àga, kò ní í bá tábìlì tí wọ́n fi jẹ oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, òpó òkúta àti ògiri ló máa bá. Kódà, ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe ti ayé Jésù rárá, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Jésù kí wọ́n tó kọ́ ọ. Lára ògiri kan, ibi tí lèmọ́ọ̀mù máa ń dúró sí kọjú sí Mẹ́kà ṣì wà níbẹ̀, nítorí àwọn Tọ́kì sọ yàrá náà di mọ́ṣáláṣí láàrin ọdún 1500 sí 1600. Nísàlẹ̀ ilé yẹn kan náà, àwọn Júù ń gbàdúrà, wọ́n ní ibojì Dáfídì Ọba nìyẹn. Ẹ̀sìn mẹ́ta, ilé kan ṣoṣo! Póòpù John Paul Kejì ṣe Máàsì níbẹ̀ lọ́dún 2000, Póòpù Francis náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2014.

Àwọn JP wa tó ti dé Jerúsálẹ́mù mọ ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á rántí oúnjẹ alẹ́ yẹn, wọ́n á rántí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàrin méjèèjì ni kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìbéèrè pọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Júdásì ti kú, àyè kan ti ṣí sílẹ̀ láàrin àwọn méjìlá. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé àwọn bí ọgọ́fà ló pé jọ tí Pétérù fi dìde sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti ń bá wọn bọ̀ látìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí dọjọ́ tí Jésù gòkè lọ. Èèyàn méjì ni wọ́n fà kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Jósẹ́fù, tí wọ́n ń pè ní Básábà, tí wọ́n tún ń pè ní Jústù. Ìkejì ni Mátíà, orúkọ kan péré. Ká ní wọ́n ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ náà ni, olórúkọ mẹ́ta lọ̀pọ̀ ìbá fowó lé.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n dìbò. Kì í ṣe ìbò onítẹ̀ka tí wọ́n ń jí àpótí ẹ̀ gbé o! Ó sún mọ́ ìbò tí babaláwo máa ń fún èèyàn dì mọ́wọ́, àmọ́ ìwé náà ò sọ bóyá òkúta ni wọ́n lò tàbí igi. Ìbò mú Mátíà. Ó tán síbẹ̀.

Lúùkù, tí wọ́n ní òun ló kọ ìwé náà, kò sọ bóyá Básábà sunkún, kò sọ bóyá ó dì mọ́ Mátíà, kò sọ bóyá ó bínú lọ sílé. Ọkùnrin yìí rin gbogbo ìrìn tí àwọn yòókù rìn. Kò da ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ó wá dúró níwájú ọgọ́fà èèyàn, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, ìdáhùn sì ni pé kì í ṣe òun. Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí wọn ò gbà á sí, tàbí nítorí ọmọ tí kò dé, mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé ẹni tí ìbò mú gan-an, wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú Bíbélì látìgbà náà. Nígbà tí Hẹ́rọ́dù pa Jákọ́bù, ọmọ Sébédè, kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n dìbò fi ẹlòmíì rọ́pò. Kí ló fà á? Àwọn oníwàásù kan ní Pọ́ọ̀lù ni Ọlọ́run ní lọ́kàn, pé Pétérù ló kánjú. Àmọ́ kò síbi tí Lúùkù ti bá Pétérù wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn oníwàásù ló ń bá a wí.

Lẹ́yìn ikú ni Mátíà wá di ẹni àpéwò. Ní Trier, ìlú àtijọ́ kan lẹ́bàá odò Moselle ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti bí Karl Marx lọ́dún 1818, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Mátíà. Lọ́dún 1127, wọ́n ń wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n bá kan egungun, wọ́n ní tiẹ̀ ni, pé Helena, ìyá Ọba Constantine, ló fi ránṣẹ́. Póòpù Eugenius Kẹta fúnra ẹ̀ ló wá ya ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí mímọ́ lọ́dún 1148. Títí dòní, àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ṣì ń fẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Padua ní Ítálì ní irọ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn ló sùn sí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Giustina. Apá kan ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni sàréè tí wọ́n ní ti Mátíà ni, apá kejì ni èyí tí wọ́n ní ti Lúùkù. Akọ̀ròyìn àti ẹni tó kọ̀ròyìn nípa ẹ̀ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan! Wọ́n ṣí pósí Lúùkù lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ eyín òkú náà wò. Lọ́dún 2001 wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Síríà. Eyín ò lè sọ pé Lúùkù ni. Jọ́jíà náà tún wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o, ti etí Òkun Dúdú ni: nínú ilé odi àwọn ará Róòmù ní Gonio, nítòsí Batumi, wọ́n ní sàréè Mátíà wà níbẹ̀. Òkú kan, sàréè mẹ́ta.

Básábà ńkọ́? Ilẹ̀ Tọ́kì ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde nípa rẹ̀, ní Hierapolis, ìlú tó ti dahoro lókè àpáta funfun Pamukkale. Bíṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọdún 100 àti díẹ̀, Papias lorúkọ ẹ̀. Ìwé márùn-ún ló kọ, gbogbo wọn ló sọnù, àfi díẹ̀díẹ̀ táwọn ẹlòmíì dà kọ. Eusebius, tó kọ ìtàn ìjọ láàrin ọdún 300 sí 340, ní Papias gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin Fílípì pé Jústù Básábà mu májèlé, nǹkan kan ò ṣe é.

Ta ló fún un? Ní ìlú wo? Ó tán síbẹ̀ nìyẹn. Fílípì wo gan-an ni bàbá àwọn obìnrin yẹn? Fílípì méjì ló wà láàrin àwọn onígbàgbọ́ inú Bíbélì, ó sì jọ pé Eusebius pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìtàn yẹn bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Básábà ò bínú lọ sílé. Ta ló máa fi májèlé wá ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ Jésù sílẹ̀, tó jókòó sílé ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́?

Ní Hierapolis lónìí, àwókù ṣọ́ọ̀ṣì onígun mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ fún Fílípì ṣì wà lórí òkè. Lọ́dún 2011, awalẹ̀pìtàn ará Ítálì kan, Francesco D'Andria, kéde pé òun ti rí sàréè Fílípì nítòsí ẹ̀. Àwọn àlejò ń gòkè lọ wò ó, àwọn míì ò tiẹ̀ débẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn lórí àpáta funfun ni wọ́n bá wá, wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Ìwé Papias márààrún ṣì wà níbi tó sọnù sí.