Ètè Ni Ó Ni Fèrè

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fèrè oboe rí. Ẹnu fèrè yìí kò ju abala ìfefe tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a so pọ̀ lọ. Afọnfèrè a ká ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ bo eyín, a sì fi wọ́n gbá ìfefe náà mú yíká, bí ìgbà tí okùn bá fún ẹnu àpò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í tètè mọ èyí. Bí ohùn bá kọ̀ tí kò jáde, eyín ni yóò fi tẹ ìfefe. Ìfefe a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ohùn a tínrín, a sì ròkè ju bí ó ti yẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí ohùn dùndún ti í ròkè nígbà tí onílù bá fún ọṣán. Bí ó bá sì dẹ ètè jù, ohùn a wálẹ̀, a dàbí igbe pẹ́pẹ́yẹ.

Oògùn rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni èémí. Ikùn ni ó yẹ kí agbára ti wá, kì í ṣe eyín. Ihò ìfefe kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èémí kì í fi í tán nínú afọnfèrè; nítorí náà, ó ní láti mí èyí tí ó ti lò síta kí ó tó mí òmíràn sínú. Èkejì ni ohùn gígùn: kí ó mú ohùn kan ṣoṣo, kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ó mú un gbòòrò, kí ó sì tún rọra dín in kù, láìjẹ́ kí ó ròkè tàbí kí ó wálẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń ṣe èyí.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí bá ń sú, kí ó gbọ́ ìtàn Léon Goossens, ẹni tí a bí ní Liverpool ní 1897. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ olórin London Philharmonic sílẹ̀ ní 1932, òun ni olórí àwọn tí ń fọn oboe níbẹ̀. Ní 1962, jàǹbá ọkọ̀ ba ètè àti eyín rẹ̀ jẹ́. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà náà. Àwọn ìka rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kí ni ìka fẹ́ ṣe bí ètè kò bá gbà? Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí ètè ti í di ìfefe mú ní àkọ̀tun, títí tí ó fi padà sí iwájú àwùjọ. Ní 1977, òun àti Edwin Roxburgh gbé ìwé jáde lórí fèrè náà. Ó kú ní 1988.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè padà sí ìpìlẹ̀, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún? Ẹni tí ó ń kánjú sí orin, kí ó kọ́kọ́ ní sùúrù fún ohùn kan.