Ẹ Má Tijú Ìkòkò Ìyá Yín

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ní Kàbà tí mo ti ń kọ́ni ní ètò ilé, àwọn ìyàwó ilé a máa bi mí pé èló ni a ó fi ra ohun èlò ọtí ọkà bàbà. Owó díẹ̀ ni.

Agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí ni kí ẹ fi mú ọkà hù. Bí ẹ bá sá a gbẹ, ẹ fi ọwọ́ ra á, kí ẹ sì fẹ́ gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ dànù kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí májèlé wà nínú wọn. Ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan fún sísè, èkejì fún kíkan, pẹ̀lú asẹ́ kan, ti tó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi garawa páànù rọ́pò ìkòkò. Ọtí tí ó ń kan a máa jẹ síńkì ara rẹ̀, a sì máa fa èébì àti inú rírun. Dúrọ́ọ̀mù oògùn kòkòrò tún burú jù ú lọ. Fífọ̀ kò lè mú un mọ́.

Ọkà bàbà yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíà yíjú sí nígbà tí ìjọba fi òfin de báálì òkèèrè ní 1988. Owó tí a rí pamọ́ lórí garawa kò tó san ti ilé ìwòsàn.